Àròkọ Tí Ọmọ Yóò Fi Wọ Yunifásítì



Ìdánwò JAMB, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari níhìn-ín, kì í bi ọmọ léèrè irú ẹni tí ó jẹ́. Ìbéèrè 180 ni, kí ó mú ìdáhùn tí ó tọ̀nà, ó parí. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù Common App, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì ibẹ̀ jọ ń lò, ọmọ yóò kọ àròkọ nípa ara rẹ̀, láti ọ̀rọ̀ 250 títí dé 650. Àkòrí méje ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èkeje ni pé kí ó kọ ohun tí ó bá wù ú.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn, nítorí àwa Yorùbá kọ́ ọmọ pé kí ó má yin ara rẹ̀, kí ó má sì tú àṣírí ilé síta.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa jókòó ti fọ́ọ̀mù yìí. Àwa tí ìwé wa kò ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, tí a sì ń ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, ni a kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn. A ní kí ó kọ nípa ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná tí àwọn agbébọn kọlù ní 28 oṣù Kẹta 2022, tí ọkọ̀ kò tún rìn mọ́ títí di 5 oṣù Kejìlá ọdún náà. A rò pé àánú yóò ṣe àwọn òyìnbó. Ọmọ náà wò wá, ó ní:

“Bọ̀dá, ẹ má bínú. Èmi kò sí nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ yẹn.”

Ojú tì wá.

Ohun tí ó mú ni ọ̀rọ̀ ìyá wa àgbà. Ìyá kò gbọ́ Hausa. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọmọ yìí ti ń ṣe ògbufọ̀ fún un ní ọjà Kubwa. Lọ́jọ́ kan ìyá bú alátà pé olè ni. Ọmọ yí i sí Hausa pé ìyá ní kí ó jọ̀wọ́ fi ẹ̀ènì sí i. Alátà rẹ́rìn-ín, ó bu ata kún un. Ọmọ kọ ọ́ pé láti ọjọ́ náà ni òun ti ń rò ó bóyá irọ́ ni òun pa tàbí ìjà ni òun là, àti pé ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ kọ́ ìmọ̀ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa fárígá. Ó ní ṣé kí òyìnbó máa gbọ́ pé ìyá òun ń bú èèyàn lọ́jà? Alẹ́ méjì ni a fi fa ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bi ìyá fúnra rẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi kún un pé olè ni alátà náà lóòótọ́.

Àwọn kan wà nígboro tí wọ́n ń gba owó kọ àròkọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sá fún wọn. Bí àṣírí bá tú, yunifásítì lè gba àyè náà padà. EducationUSA ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Àbújá níhìn-ín. Ẹni tí ó ń lọ sí Ìlú Ọba, ìbéèrè mẹ́ta ni UCAS ń bi í báyìí, láti orí àwọn tí ó wọlé ní 2026.

Ọmọ náà ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́. A ń retí èsì ní oṣù Kẹta, ìyá sì ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti ka ti alátà.