Àìsùn Tó: Ewu Tó Wà Níbẹ̀ fún Ọkàn Ọkùnrin àti Obìnrin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìyà àìsùn kò ju kí ènìyàn máa tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan ọkàn gan-an. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ American Heart Association ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi oorun kún àwọn nǹkan mẹ́jọ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìlera ọkàn. Wákàtí 7 sí 9 ni wọ́n ní ó yẹ kí àgbàlagbà máa sùn.

Nígbà tí a bá sùn, ọkàn a máa lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì wálẹ̀. Ẹni tí kò sùn tó kì í rí ìsinmi yìí. Ebi a máa pa á ju bó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ kì í sì gba iṣẹ́ ínsúlínì, tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, dáadáa mọ́. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìsanrajù àti àtọ̀gbẹ ṣe ń wọlé.

Ìṣòro oorun kò rí bákan náà lára tọkùnrin tobìnrin. Àìróorunsùn wọ́pọ̀ láàrin obìnrin. Àìsàn tí èémí fi ń dúró léraléra lójú oorun ló wọ́pọ̀ láàrin ọkùnrin. Ẹni tó ní in a máa hanrun kíkankíkan, yóò dákẹ́ lójijì, yóò sì ta gìrì bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Ní gbogbo ìgbà tí èémí bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa ru sókè.

Àìsàn yìí kò yọ obìnrin sílẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n lára obìnrin, ó lè jẹ́ àárẹ̀, orí fífọ́ ní òwúrọ̀ tàbí àìróorunsùn ni yóò hàn. Àwọn ènìyàn a ní wàhálà ilé ló fà á, wọn kò sì ní tọ́jú rẹ̀.

Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Columbia ní New York gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn obìnrin tí ara wọn le. Wọ́n dín oorun wọn kù ní wákàtí kan àbọ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ara wọn ṣe ń kọ iṣẹ́ ínsúlínì pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, ó ju ìdá 20 lọ.

Ẹni tó ń hanrun kì í gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ni kó sọ fún un. Bí oorun bá ń dà yín láàmú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má ṣe dá oògùn oorun lò. Ẹ lọ rí dókítà, kí ó sì yẹ ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò.