Ìdí tí Ògúndé kò fi di Karunanidhi

Márùn-ún nínú àwọn tó ti ṣe olórí ìjọba ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, ló ti ìdí sinimá wá. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ eléré. Àwọn méjì yòókù, C. N. Annadurai àti M. Karunanidhi, kì í ṣe ojú wọn ló gbé wọn dé ibẹ̀. Àwọn ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn eléré ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, a ní tíátà, a ní òṣèlú, àwọn méjèèjì kò sì jìnnà síra wọn rí. Síbẹ̀ kò sí onítíátà Yorùbá kan tó ti ìdí eré kíkọ di gómìnà. Ó yẹ ká wo ìdí rẹ̀ dáadáa, torí kì í ṣe pé ẹnu àwọn tiwa ò mú tó tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú Karunanidhi. Wọ́n bí i ní 1924 ní abúlé Thirukkuvalai, sínú ìdílé onílù àti olórin tí àwọn tó ka ara wọn sí ẹni mímọ́ kì í kà kún. Ọmọdé ṣì ni nígbà tí ìjọba Madras fẹ́ fi èdè Híńdì sí ilé ìwé ní tipátipá, òun náà sì bá wọn jáde láti ṣe ìwọ́de. Kò wọ yunifásítì. Ó ń kọ eré, ó ń kọ ìwé ìròyìn, títí tí wọ́n fi pè é pé kó wá bá wọn kọ ọ̀rọ̀ inú fíìmù. Rajakumari jáde ní 1947. Ní 1949 Annadurai dá ẹgbẹ́ òṣèlú DMK sílẹ̀, Karunanidhi sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Parasakthi, tó jáde ní 1952, ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Obìnrin opó kan ni, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní Burma, kò sí ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Ó gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ dání, ó sá lọ sí tẹ́ńpìlì, àlùfáà ibẹ̀ sì fẹ́ bá a ṣe ìṣekúṣe. Nígbà tí ayé sú u, ó ju ọmọ náà sódò, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dìde láti sọ tẹnu rẹ̀ nílé ẹjọ́ yẹn ni gbogbo fíìmù náà wà. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó rojọ́ mọ́ àlùfáà, ó rojọ́ mọ́ olówó, ó rojọ́ mọ́ ìjọba tó jẹ́ kí ebi máa pa èèyàn. Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin de fíìmù yìí, kò ṣeé ṣe. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí àwo, àwọn èèyàn rà á bí ìgbà téèyàn ń ra àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lórí. Ìjìnlẹ̀ èdè Tamil ni, tó ń dún bí oríkì. Ẹni tí kò mọ̀wé kankan lè tún un sọ lójà.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ sójú irin rélùwéè ní Kallakudi, torí pé wọ́n ti fi orúkọ olówó ará àríwá kan pe ìlú náà. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ sínú fíìmù àti ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní títì, ohun kan náà ni. Ẹgbẹ́ náà ń fi fíìmù polówó ara rẹ̀: àwọ̀ dúdú àti pupa tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, oòrùn tó ń yọ tó jẹ́ àmì rẹ̀, wọ́n á dọ́gbọ́n fi wọ́n sínú fíìmù. Nígbà tó di 1967, DMK wọlé ìbò, Annadurai di olórí ìjọba. Ó kú ní February 1969, Karunanidhi sì gba ipò rẹ̀. Ìgbà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe é kó tó kú ní 2018.

Ó dáa, àwa ńkọ́? Ẹni tó kọ́kọ́ máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn ni Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, tó kọ Aláwìíyé. Ọdúnjọ di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà Awólọ́wọ̀, lẹ́yìn ìbò 1951. Òǹkọ̀wé ni, olóṣèlú ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: gẹ́gẹ́ bí tíṣà ló ṣe wọlé. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Kátólíìkì sílẹ̀ ní 1936, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ràn. Eré rẹ̀, Agbàlọ́wọ́méèrí, tó dá lórí baálẹ̀ tó ń gba tọwọ́ mẹ̀kúnnù, ọdún 1958 ló jáde, nígbà tó ti kúrò ní mínísítà. Èmi ò lè ka ìwé yẹn kí n má rántí pé ẹni tó ti jókòó nínú ìjọba ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n eré kọ́ ló gbé Ọdúnjọ dórí àga.

Ògúndé ló yẹ ká fi wé Karunanidhi. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóṣà, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí tíátà. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní 1945, ó fi ṣe eré Strike and Hunger. Ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enugu ní 1949, ó fi ṣe Bread and Bullet. Ìjọba òyìnbó fòfin dè é ní Jos. Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun tí Karunanidhi fi jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà ni 1964 dé. Ìgbà yẹn, Awólọ́wọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti fọ́, Akíntọ́lá ló ń ṣe olórí ìjọba nílùú Ìbàdàn. Àwọn èèyàn Akíntọ́lá gan-an ló ní kí Ògúndé wá ṣeré fún àwọn níbi àjọyọ̀ wọn. Ó gbé Yorùbá Ronú wá: ọba kan tí igbákejì rẹ̀ fà lé ọ̀tá lọ́wọ́. Àbí ta ni kò mọ ẹni tó ń bá wí? Wọ́n bínú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà kó Ìfọ́n, Ìlobùú, Òṣogbo àti gbogbo agbègbè wa mọ́ra, kì í ṣe Ìbàdàn nìkan. Orí àwo ni ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ti lè gbọ́ ọ, tàbí kó wọkọ̀ lọ sí Èkó, tí òfin náà kò dé. Fájuyì ló ká òfin náà kúrò ní 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba.

Ní Tamil, ẹni tí ìjọba bá gbógun tì ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló wà lẹ́yìn Ògúndé? Òun ló ni ọkọ̀ tó ń gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, àwọn ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó ń bá a ṣeré, owó ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tó bá ní òun wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ kan, ó ti pàdánù ìdajì àwọn tó ń bọ́ ọ. Fún Karunanidhi, olówó míì ló ń ná owó sórí fíìmù, fíìmù ọ̀hún sì lè máa hàn ní ogún ìlú lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí Ògúndé ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ọ̀tá tí àwọn Tamil ń kọ̀wé sí wà níta. Delhi ni, èdè Híńdì ni. Ọ̀rọ̀ tí Ògúndé ní í sọ ní 1964, ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìyá ń bá ọmọ ìyá jà, ẹni tó bá ní kí Yorùbá ronú, ó ti ṣẹ ẹnì kan nínú wọn. Kò sí bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè kó gbogbo ìlú jọ síbi ìbò kan.

Kì í ṣe pé mo ní kí á máa jowú àwọn Tamil o. Karunanidhi fún àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ láti pín ogún bí ọkùnrin ní 1989, ìyẹn dára púpọ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ di ti ìdílé rẹ̀, ẹ̀sùn ìwà jẹgúdújẹrá sì tẹ̀ lé e láti àwọn ọdún 1970 títí ó fi dàgbà. Stalin ọmọ rẹ̀ ló di olórí ìjọba ní 2021. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n opó yẹn sọ nílé ẹjọ́ wá di ẹni tí àwọn míì ń rojọ́ mọ́. Ògúndé kò bá ara rẹ̀ nírú ipò yẹn.

Lóde òní, a ti rí eléré tó wọlé ìbò. Desmond Elliot wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ní 2015. Ṣùgbọ́n fíìmù tó ṣe kọ́ ló kọ́ ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé. Ẹgbẹ́ náà ti wà ní ìjókòó kó tó dé.