Ìpinnu Tí Kì Í Ṣe Òfin

Nígbà tí ìròyìn bá dé etí àwọn ará Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgándò ní Alímọ̀ṣọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ké sí Gómìnà pé kí ó tún ọ̀nà kan ṣe, ọ̀pọ̀ a máa rò pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí a kò rí katapílà kan lójú ọ̀nà, wọn a ní àwọn aṣòfin purọ́. Irọ́ kọ́ o. Àìmọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òfin àti ìpinnu ni.

Abala 100 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 là á sílẹ̀ pé àbádòfin ni Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ fi ń ṣe òfin, tí wọn yóò sì gbé e lọ síwájú Gómìnà fún ìbuwọ́lù. Ìpinnu kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣòfin kan yóò dá àbá, àwọn yòókù yóò jíròrò lé e lórí. Ohun tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn bá fọwọ́ sí ni ìpinnu Ilé. Lóòótọ́, àwọn ìpinnu kan wà tí ìwé òfin fúnra rẹ̀ fún ní agbára: gẹ́gẹ́ bí abala 305 ti wí, ìkéde ipò pàjáwìrì láti ẹnu Ààrẹ kò lè dúró bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ méjèèjì kò bá tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àti ẹ̀bẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù.

Kí wá ni ìwúlò wọn? Àwọn àgbà ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì wí pé àbá ní í di òtítọ́. Òwe kejì yìí ni ìtàn Nàìjíríà jẹ́rìí sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dá àbá ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní 1956. Ahmadu Bello fẹ́ kí a yọ ọdún náà kúrò, kí a fi "ní kété tí ó bá ti ṣeé ṣe" rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti N.C.N.C. bínú jáde, àbá náà kò tilẹ̀ di ìpinnu. Síbẹ̀, ìjà ọjọ́ náà, pẹ̀lú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀ lé e ní Kánò, ni ó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe àpérò sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà. Ní 1957, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1960, Abubakar Tafawa Balewa dá àbá òmìnira, gbogbo Ilé sì fohùn ṣọ̀kan. Ìpinnu yẹn nìkan kò sọ Nàìjíríà di òmìnira. Òfin tí Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá ṣe òfin ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè?

Nítorí náà, kí ará Alímọ̀ṣọ́ má ṣe fi ìpinnu ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó má sì ṣe sùn lé e. Owó ọ̀nà kì í jáde láti àpò ìjọba bí kò ṣe nípasẹ̀ òfin ìṣúná. Bí aṣojú rẹ̀ bá fi ìpinnu yangàn, kí ó bi í léèrè bí ọ̀nà náà bá wà nínú ìṣúná ọdún tí ń bọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, àbá ṣì ni. Ẹni tí ó dá a kò sì tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.