Kí A Tó Gbé Ojú Sílẹ̀ fún Abẹ́rẹ́ Onífínfín

Ìyá kan tí ń yan ẹja ní Òde Ùgbò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, kọ̀wé sí mi. Ó ní iná ààrò jó òun lójú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Egbò náà ti jinná, ṣùgbọ́n irun ojú apá òsì kò hù mọ́, àpá sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wò. Nísinsin yìí ọmọbìnrin kan ti Èkó dé, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan, ó sì ní òun yóò fi abẹ́rẹ́ àti tàdáwà fín irun mìíràn sí ibẹ̀, tí yóò wà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè ìyá yìí jẹ́ méjì. Ǹjẹ́ ó dára kí òun ṣe é? Bí òun bá sì ṣe é, ìgbà wo ni òun lè padà sídìí omi?

Inú mi dùn púpọ̀ sí ìbéèrè kejì yìí, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. N óò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìyá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń ṣe fáàrí. Ní àwọn ilé ìwòsàn òkè òkun, a máa ń fín ara fún obìnrin tí a ti gé ọmú rẹ̀ nítorí àrùn jẹjẹrẹ, kí ó lè rí àwòrán ẹnu ọmú níbi tí ọmú ti wà rí. A ń ṣe é fún ẹni tí iná jó pẹ̀lú. Ó ń tu ọkàn nínú. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Àwọn ìyá ńlá wa kọ kóló sí apá àti sí ẹ̀yìn. Olóòlà yóò fi abẹ là á, yóò sì fi ẹ̀éfín dúdú ra ojú rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tí a sín gbẹ́rẹ́ fún? Ẹ̀rọ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe sí ara: wọ́n ń la awọ. Awọ ni ògiri tí kò jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé sí wa lára, abẹ́rẹ́ onífínfín a sì gún un ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, tàbí nínú tàdáwà, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un dání, yóò bá a wọlé.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àrùn ẹ̀dọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní Hepatitis B. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e kiri, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí pàápàá. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè lórí irin tàbí lórí tábìlì fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Nínú ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ó tó mẹ́jọ tí ó ní kòkòrò yìí lára. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀, nítorí pé ara wọn le. Nítorí náà bí ẹni mẹ́wàá bá ti jókòó sí àga ọmọbìnrin yìí ṣáájú ìyá wa, ẹ bi ara yín pé ta ni nínú wọn. Hepatitis C àti kòkòrò Éèdì náà ń gba ọ̀nà kan náà.

Ọ̀pọ̀ yóò wí pé, "Ó fi sípírítì nu ún," tàbí pé, "Ó fi iná ràn án." Kò tó. Omi gbígbóná inú ìkòkò ilé kò tó pẹ̀lú, nítorí pé èso kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí í mú àgbọ̀n ènìyàn le, lè la omi híhó já. Ní ilé ìwòsàn, inú ẹ̀rọ autoclave ni a ń kó irin iṣẹ́ sí. Ó máa ń há ooru omi mọ́ inú títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 121 lórí Sẹ́ńtígíréèdì, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Ẹni tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà kan péré: abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ó wà nínú ọ̀rá rẹ̀, tí a já lójú ẹni tí a fẹ́ fín, tí a sì jù sínú agolo líle nígbà tí iṣẹ́ parí. Ohun tí a fi di abẹ́rẹ́ náà mú ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ a máa ta sí i. Bí kò bá ṣe ẹ̀yà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù, inú autoclave ni ó yẹ kí ó ti wá. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tí ń sín gbẹ́rẹ́ náà o! Abẹ kan fún gbogbo agbo ilé ti tó gẹ́ẹ́.

Bí abẹ́rẹ́ bá mọ́, ó tún ku tàdáwà. Ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, láàárín ọdún 2011 sí 2012, ènìyàn 19 ni èéyọ̀ pupa bo ojú ibi tí onífínfín kan ti fín wọn. Nígbà tí àwọn oníṣègùn tọ ipasẹ̀ rẹ̀, inú tàdáwà ni wọ́n bá kòkòrò náà, irú èyí tí ń gbé inú omi. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe tàdáwà náà ni ó ti pò ó pọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ onífínfín. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a ti dì wá láti ilé iṣẹ́, kí ni ká wí nípa ẹni tí ń fi omi kànga là á? Ẹ má ṣe gbà kí a fi omi kankan pò ó níwájú yín. Kí ó da ìwọ̀n tí ó tó sínú ife kékeré kan, kí ó sì da èyí tí ó bá ṣẹ́kù nù. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin de ẹgbẹẹgbẹ̀rún èròjà nínú tàdáwà fínfín láti oṣù kìíní ọdún 2022, nítorí pé àwọn kan nínú wọn lè fa jẹjẹrẹ tàbí kí wọ́n ba awọ jẹ́.

Ta ni ń ṣọ́ àwọn onífínfín? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1982 ni òfin ti fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti kọ orúkọ wọn sínú ìwé kí wọ́n sì yẹ ibi iṣẹ́ wọn wò; ní ọdún 2003 ni a fi irú fínfín ojú tí ìyá yìí ń sọ kún un. Ní Wales, láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, onífínfín gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó fọwọ́ kan ènìyàn. Lọ́dọ̀ wa, òfin tí ó dárúkọ fínfín gan-an ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ọmọdé nìkan ni ó sì dáàbò bò: kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fín ara tàbí kọ ilà fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Ìtanràn rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún! Kò tó ra apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan lónìí. NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ń ṣe àbójútó ohun ìṣaralóge àti oògùn, ó sì dára kí ẹ wo ara páálí fún nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara páálí kò lè fọ ọwọ́ ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́. Àgbàlagbà ni yóò fi ojú ara rẹ̀ ṣe wolé-wolé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 31 kan jáde. Ó fín ẹsẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ó lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní ìyawọlẹ̀ Mẹ́síkò. Kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vibrio vulnificus gba ojú fínfín náà wọlé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ó kú. Ẹ̀dọ̀ ọkùnrin náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ nítorí ọtí, ẹlẹ́dọ̀ àìsàn sì ni kòkòrò yìí ń pa jù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ òkun àti omi odò ti pàdé ni ilé rẹ̀. Ará Ìlàjẹ wo ni kò mọ irú omi bẹ́ẹ̀? Ẹ tún rántí àwọn mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí àrùn ẹ̀dọ̀ wà lára wọn tí wọn kò mọ̀.

Nítorí náà, ìyá wa, èsì mi nìyí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ní Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa, kí dókítà wo àpá náà. Àpá iná yẹ kí ó pé ọdún kan kí a tó fín orí rẹ̀. Tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àpá náà bá le tí ó sì wú sókè, tàbí bí àpá etí tí ẹ lu bá ti di kókó rí, ẹ má ṣe é rárá, nítorí pé abẹ́rẹ́ yóò tún jí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún Hepatitis B. Bí kò bá sí, ẹ gba àjẹsára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, oṣù mẹ́fà ni yóò gbà kí ó tó pé, ojú yín sì lè dúró de oṣù mẹ́fà. Bí ó bá wà, ẹ gbàgbé fínfín, kí ẹ sì máa gba ìtọ́jú.

Bí ẹ bá wá ṣe é, ẹ ṣe é ní àsìkò tí ẹ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ má wọ odò, kí ẹ má fọ ẹja, kí ẹ má sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ààrò títí gbogbo èépá yóò fi ṣí kúrò tí awọ yóò sì dán. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kéré jù, ó lè di mẹ́rin. Omi tí a ti sè tí ó ti tutù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọṣẹ àti ọwọ́ mímọ́. Kí ojú ibẹ̀ pọ́n díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wú sí i, tí ó ń ro yín gidigidi, tí ọyún ń jáde, tí ibà gbé yín, tàbí tí awọ ń di aró tí ó ń yọ ìléròrò, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru, ẹ wá ẹni tí yóò fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì gbé yín dé ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà lẹ́nu ọ̀nà pé a fín yín lójú, àti pé omi oníyọ̀ kàn án.