Ọ̀yà àti Ajá Ọdẹ ní Igbó Ifẹ̀

Ọ̀yà ni ẹran tí fífi ajá ṣọdẹ bá lára mu jù ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀. Ehoro náà wà níbẹ̀, àmọ́ ibi tí koríko kò bá ga ni ehoro fẹ́ràn. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ifẹ̀, ilẹ̀ kòkó àti ọ̀pẹ, tí èésún kì í pẹ́ bo oko tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kó sinmi. Inú èésún yìí ni ọ̀yà ń gbé.

Ẹ̀yà eku ni, àmọ́ akọ tó bá dàgbà lè wọn kílò 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun ara rẹ̀ le, etí rẹ̀ kúrú, ìrù rẹ̀ náà kò gùn. Eyín iwájú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó sì mú gan-an. Eyín náà ló fi ń gé èésún nídìí, tí á tún gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó jẹ ibi tó rọ̀. Bó ṣe ń ṣe èésún ló ń ṣe ìrèké, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń bá ọdẹ yọ̀ bí wọ́n bá pa á. Òru ló ń jẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ló máa ń tọ̀ lábẹ́ koríko, títí ọ̀nà ọ̀hún á fi dán. Bí ẹ̀rù bá bà á, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀, á súfèé, á sì ki eré mọ́lẹ̀. Bí odò bá wà nítòsí, á bọ́ sómi, nítorí ó mọ̀wẹ̀ dáadáa.

Bí ọ̀yà ṣe ń sá fún ajá yàtọ̀ sí ti ehoro kan. Ní àríwá Amẹ́ríkà, irú ehoro kan wà tí irun rẹ̀ máa ń di funfun nígbà òtútù. Irú ajá kan tí wọ́n ń pè ní Beagle ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi ń lé e. Ehoro náà á sá jìnnà, á wá yípo padà síbi tó ti gbéra, ọdẹ á sì dúró dè é níbẹ̀. Ọ̀yà kì í fún ọdẹ ní irú àǹfààní yẹn. Inú igbó dídí ló ń sá sí, nítorí náà ó di dandan kí wọ́n yí igbó náà ká.

Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni irú ọdẹ ṣíṣe yìí dùn jù. Àárọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ọdẹ ń jáde, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, tí òórùn ẹran kò tíì parẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wá èésún tí ọ̀yà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lọ. Tí wọ́n bá rí i, àwọn kan á fi àdá la ẹ̀gbẹ́ igbó náà, àwọn tó mú kùmọ̀ á dúró lójú ọ̀nà ọ̀yà, wọ́n á wá tú ajá sílẹ̀. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í yìnbọn sínú igbó náà mọ́, nítorí ènìyàn àti ajá ló wà níbẹ̀.

Ṣaworo tí wọ́n so mọ́ ajá lọ́rùn ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó. Bó bá ń dún díẹ̀díẹ̀, ajá ṣì ń gbóòórùn kiri. Bó bá yára lójijì, ó ti bá ipa ẹran pàdé. Bó bá dákẹ́, tí ajá wá ń gbó lójú kan, ẹran ti há. Ọdẹ gbọ́dọ̀ tètè dé ibẹ̀, nítorí akọ ọ̀yà lè fi eyín rẹ̀ ya ajá lára. Fèrè ni wọ́n fi ń pe ajá padà, òun náà ni àwọn àgbà ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá kékeré kì í dá kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yìn àgbà ajá ló ń tẹ̀ lé títí á fi mọ̀ ọ́n.

Ajá yìí kan náà ni ẹran Ògún, òrìṣà àwọn ọdẹ. Nígbà ọdún Ọlọ́jọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, Ọọ̀ni, ọba Ifẹ̀, á dé adé ńlá tí wọ́n ń pè ní Adé Aàrẹ, á sì lọ sí Òkè Mògún, ojúbọ Ògún.

Ohun tó ń ba irú ọdẹ ṣíṣe yìí jẹ́ ni iná tí àwọn kan fi ń sungbó àti májèlé tí wọ́n fi ń pa ẹran. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ọ̀yà fi ń lóyún, ọmọ bíi mẹ́rin ló sì wọ́pọ̀ kó bí. Ọmọ náà ń la ojú wáyé, pẹ̀lú irun lára, kì í sì í pẹ́ tó fi ń sáré. Síbẹ̀ iná a máa jó ìyá tọmọ, pẹ̀lú ìgbín, ahun àti kòkó àgbẹ̀. Májèlé tilẹ̀ burú ju iná lọ, nítorí ó lè bá ẹran náà dénú ìkòkò ọbẹ̀. Ajá ní tirẹ̀ kì í ba igbó jẹ́, ọdẹ sì lè dá èyí tó lóyún sí. Àwọn kan tilẹ̀ ń sin ọ̀yà dípò kí wọ́n máa dẹ ẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti nǹkan bí ọdún 1985 ni wọ́n ti ń ṣètò sísin ọ̀yà nínú àgò, àwọn kan sì ń sìn ín ní Nàìjíríà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀yà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, kó kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe pa á kó tó sanwó.