Fílítà wo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà fún kámẹ́rà yín?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọrọ ẹ̀yáwó láti ra kámẹ́rà oní-dígítà ń pọ̀ sí i láàárín wa. Kò yani lẹ́nu. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ tó báyìí, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà kò lè wọ́n ńbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fẹ́ fọ́tò.

Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan wà tó ń jẹ owó mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Fílítà ni. Bí wọ́n bá ra kámẹ́rà tán ní Computer Village ní Ìkẹjà, ọlọ́jà lè ní kí wọ́n tún mú páálí fílítà kan, oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹyọ kan. Owó ẹ̀yáwó ni wọ́n á fi san án. Èlé á gun orí rẹ̀, ọrùn àwọn onídùúró ló sì wà. Ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń rà.

KÍ NI FÍLÍTÀ?

Gíláàsì pẹlẹbẹ tó ní òrùka irin tàbí ti ike ni. À ń yí i mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì bí ẹni ń dé ìgò. Láyé fọ́tò dúdú-àti-funfun, àwọn ayàwòrán a máa lo èyí tó ní àwọ̀ yẹ́lò kí ojú ọ̀run lè ṣókùnkùn díẹ̀, kí ìkùukùu lè hàn dáadáa. Fílíìmù náà a tún máa gba ìtànṣán kan tí ojú èèyàn kò rí, tí wọ́n ń pè ní UV, èyí tó ń mú kí fọ́tò ibi tó jìnnà rí bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Ìdí tí wọ́n fi ṣe fílítà UV nìyẹn.

Kámẹ́rà oní-dígítà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gíláàsì tirẹ̀ ti wà níwájú ibi tó ń gba àwòrán sí, tó ń dá ọ̀pọ̀ ìtànṣán náà dúró. Àwọ̀ náà, kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá sọ pé UV á mú kí fọ́tò yín mọ́ rekete, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ má bá a jiyàn. Iṣẹ́ mìíràn ló kù fún UV, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ ÌWỌ̀N ẸNU LẸ́ǸSÌ YÍN

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan rí 18-55mm lára lẹ́ǹsì rẹ̀, ló bá ra fílítà 55mm. Kò wọ̀ ọ́. Ọlọ́jà kò sì gbà á padà. 18-55mm kì í ṣe ìwọ̀n ẹnu lẹ́ǹsì. Bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tàbí tó ń tì í sẹ́yìn ló ń sọ. Àmì tí ẹ máa wá ni òdo tí ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, báyìí: Ø. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ìwọ̀n fílítà. Ẹ lè rí i ní iwájú lẹ́ǹsì tàbí ní inú ìdérí rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe yàtọ̀ síra: Canon EF-S 18-55mm ń lo 58mm. Nikon AF-S 18-55mm ń lo 52mm, ṣùgbọ́n AF-P 18-55mm ti Nikon kan náà ń lo 55mm. Lẹ́ǹsì Canon EF 50mm f/1.8 STM tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fẹ́ràn, 49mm ni tirẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú ìwé kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà.

ORÍṢI MẸ́TA TÓ ṢE PÀTÀKÌ

Èkíní ni èyí tó ń dáàbò bo lẹ́ǹsì. UV wà ńbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ Protector sí náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò níta ló wúlò fún. Nígbà ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo gbogbo nǹkan, iyanrìn líle tó lè ha gíláàsì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tún fi eruku ojú títì tí wọn kò da ọ̀dà sí kún un, àti epo ìka àwọn ọmọdé níbi àríyá. Ó sàn kí á máa nu fílítà ju kí á máa nu lẹ́ǹsì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ó ń gba lẹ́ǹsì là bí kámẹ́rà bá já bọ́. Gíláàsì fílítà tín-ín-rín, ó sì tètè ń fọ́. Họ́ọ̀dù, ìyẹn ike tó yọ síwájú lẹ́ǹsì bí etí fìlà, ló lè gba ẹ̀kọlù díẹ̀. Ó tún ń dènà oòrùn tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Èkejì ni polarizer, tí wọ́n ń kọ CPL sí lára. Ẹ óò máa yí òrùka iwájú rẹ̀ títí tí ìyípadà á fi hàn. Ó ń dín dídán kù lára omi, ewé tútù, gíláàsì fèrèsé àti ọ̀dà ara mọ́tò. Ó tún ń mú kí ojú ọ̀run ṣú dáadáa, pàápàá bí oòrùn bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì yín. Kò ran dídán irin lásán, ẹ má retí ìyẹn. Ẹni tó ń ya mọ́tò tàbí ilé títà, èyí ni kó kọ́kọ́ rà, nítorí pé ohun tí gíláàsì mọ́tò bá ti fi dídán bò, kọ̀ǹpútà kò lè mú un padà. Ṣùgbọ́n ó ń gba ìmọ́lẹ̀: ìdajì tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin ló lè kù. Nínú gbọ̀ngàn lálẹ́, ẹ yọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́tò oníjó á máa ṣe bàìbàì.

Ẹ̀kẹta ni ND, gíláàsì tó dúdú, tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó dín ìmọ́lẹ̀ kù. ND8 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ wọlé, ND64 ìdá kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àwọn tó ń ya fídíò lọ́sàn-án gangan ló nílò rẹ̀, nítorí wọn kì í fẹ́ kí ṣọ́tà yára jù. Bí fídíò bá jẹ́ àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1/50 ni wọ́n máa ń lò. Ẹni tó ń ya fọ́tò lásán lè fi í sílẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kò nílò ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ LỌ́JÀ

Ẹ gbé fílítà sábẹ́ gílóòbù. Bí àwòrán gílóòbù tó hàn lójú rẹ̀ bá funfun tó sì mọ́lẹ̀ gan-an, wọn kò kun nǹkan kan sí i. Èyí tí wọ́n kùn dáadáa, dídán rẹ̀ á ṣú, á sì ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì: bí ẹ bá ń ya ibi àríyá lálẹ́, fílítà tí wọn kò kùn á mú kí gílóòbù kan di méjì nínú fọ́tò. Kódà bó jẹ́ èyí tó dára, bí iná bá kọjú sí lẹ́ǹsì, ẹ yọ ọ́.

Fún CPL, ẹ mú kakulétọ̀ ọwọ́ yín dání. Ẹ kọ ojú fílítà sí i bí ẹ óò ṣe kọ ọ́ sí ohun tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ máa yí i. Bí ojú kakulétọ̀ kò bá ṣókùnkùn níbì kankan, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ má yí fílítà le jù. Bó bá há, ẹ wé rọ́bà báńdì mọ́ ọn lára kí ọwọ́ lè dì í mú. Ẹ fẹ́ eruku kúrò ná kí ẹ tó fi aṣọ kíkúnná nù ún. Etí bùbá kì í ṣe aṣọ ìnulẹ́ǹsì o!

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Fílítà kan ṣoṣo tó dára, tó bá iṣẹ́ yín mu, sàn ju páálí mẹ́rin tí kò ní láárí lọ. Lẹ́ǹsì olówó gọbọi tí ẹ fi gíláàsì tí kò dáa bò, gíláàsì yẹn náà lẹ fi ń ya fọ́tò yẹn. Bí ẹ kò bá tíì mọ irú iṣẹ́ tí ẹ óò máa ṣe jù, họ́ọ̀dù ni kí ẹ rà, kí ẹ dúró oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ á sọ èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ kí owó ẹ̀yáwó ra kámẹ́rà, lẹ́ǹsì àti bátìrì kejì. Kí èrè iṣẹ́ àkọ́kọ́ ra fílítà. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ẹ̀yáwó kámẹ́rà, kó mú ìwọ̀n ẹnu lẹ́ǹsì rẹ̀ wá sí ìpàdé, a ó jọ wò ó pọ̀ kí onídùúró tó fọwọ́ sí i.

 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́