"U" méjì tó wà lẹ́nu àwọn ará Èkìtì

Ẹ pe "é", kí ẹ wá pe "ẹ́". Kí ló yí padà? Ìdí ahọ́n ni: ó sún síwájú fún "é", ó fà sẹ́yìn fún "ẹ́". Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó" àti "ọ́". Irú ohun kan ṣoṣo tó ń ya ìró sọ́tọ̀ báyìí làwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pè ní àbùdá aṣèyàtọ̀. Èdè Akan ní Gánà ni J. M. Stewart fi ṣàlàyé ti ìdí ahọ́n lọ́dún 1967.

Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì àìránmúpè jẹ́ 7. "I" àti "u" ò ní èkejì. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí àgbàlagbà ní Ìjerò tàbí Àrámọ̀kọ. Ilé á di "ulé", iṣẹ́ á di "ụṣẹ́". "U" méjèèjì ò dọ́gba o! "É" tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ti ìdí ahọ́n síwájú nínú "ulé". "Ẹ́" ló fà á sẹ́yìn nínú "ụṣẹ́". Bẹ́ẹ̀ ni "i" náà. Fáwẹ̀lì ti di 9 nìyẹn.

Àkọtọ́ wa ò ní àmì fún méjì tó lé yìí. Ọmọ tó bá jẹ́ inú ìwé nìkan ló ti kọ́ Yorùbá ò ní mọ̀ pé wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá ní ìyá àgbà l'Ékìtì, ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀.